Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Owó Aṣọ àti Owó Oògùn

  Ojú ewé àwọn ìdílé ti sọ fún yín nípa ẹni tí ó bímọ, ẹni tí ó gbé ìyàwó, àti ẹni tí ó ti ilé dé. Ọ̀rọ̀ ti àwa lóṣù yìí kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ni létí, ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ọ́, a kò jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán wa.

Ní ìpàdé tí ó kọjá, akọ̀wé ń ka orúkọ àwọn tí yóò san owó ìtanràn nítorí pé wọn kò wá sí ìpàdé 3 léraléra. Bí ó ti ka orúkọ arábìnrin wa kan, obìnrin náà dìde láti ẹ̀yìn, ó we gèlè mọ́ orí pinpin. A rò pé ẹ̀bẹ̀ ni ó fẹ́ bẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó ka owó lé orí tábìlì, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, owó yín nìyí. Jẹjẹrẹ ọmú ni ó ń ṣe mí. Mo ti gba kímò ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó ku ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ jẹ mí ní owó aṣọ ẹgbẹ́, ẹ bá mi san án.” Ó jókòó. Ilé pa rọ́rọ́.

Aṣọ tí ó wí yìí, aṣọ tí a fi ṣe àjọ̀dún ẹgbẹ́ ni. Òun ni ó bá wa rà á wá láti Kano, tí ó sì tà á fún wa ní àwìn. A ti wọ aṣọ náà, a ti jó, a ti ya fọ́tò, ọ̀pọ̀ wa kò sì tíì san owó. Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà lára wọn. A san tiwa ní ọjọ́ kejì, a kò sì sọ ọ́ láti yin ara wa, nítorí ó ti pẹ́ jù. Nígbà tí ó yẹ kí obìnrin yìí gba kímò ẹ̀kẹta, owó rẹ̀ kò pé, ọjọ́ 10 gbáko ni ó sì fi pẹ́ kí ó tó rí i gbà. Aṣọ wà lọ́rùn wa, oògùn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

A lọ sí ilé rẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ ṣe òun lóore, kí a kọ ohun tí ojú òun rí sínú ìwé, kí ẹlòmíràn má baà rìn nínú òkùnkùn bíi ti òun. Kí a má ṣe dárúkọ òun. Nítorí náà ni a fi kọ èyí.

KÍ NI KÍMÒ?

Oògùn jẹjẹrẹ ni àwọn ènìyàn ń pè ní kímò. Òmíràn jẹ́ oníhóró tí a ń gbé mì, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n ń fà sí iṣan apá bí wọ́n ti ń fa omi. Ohun tí jẹjẹrẹ jẹ́ ni pé apá kan nínú ara bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ sí i láìgba àṣẹ. Kímò ń lépa ohunkóhun tí ó bá ń yára pọ̀ nínú ara, ó sì ń pa á. Ṣùgbọ́n irun orí náà ń yára hù, awọ inú ẹnu àti ti ìfun náà ń yára pààrọ̀ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí irun fi ń já, tí ẹnu fi ń bó, tí ènìyàn fi ń bì, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Kì í ṣe pé àìsàn náà ń burú sí i, bí àwọn ènìyàn ti ń rò. Oògùn ni ó ń ṣiṣẹ́, tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́.

Ìdí náà nìyí tí wọn kì í fi í fún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti arábìnrin wa jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹfà, ọjọ́ 21 sí ara wọn, kí ara lè sinmi díẹ̀ kí jẹjẹrẹ má sì rí àyè sinmi púpọ̀. Bí ọjọ́ bá wá yẹ̀ nítorí owó, jẹjẹrẹ ni a fún ní ìsinmi.

Àwọn kan ní àrùn òyìnbó ni, kò sí láyé àwọn baba wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1960 ni wọ́n ti ń kọ àkọsílẹ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ ń ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn. Oògùn rẹ̀ pàápàá kì í ṣe ti àná. Ní 1947 ni Dókítà Sidney Farber bẹ̀rẹ̀ sí fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ wo àwọn ọmọdé tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ń ṣe ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Ní 1958 ni Dókítà Denis Burkitt kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ kan tí ń wú àwọn ọmọdé ní àgbọ̀n ní Uganda. Kímò ni wọ́n ń fi wo èyí náà, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ti yè.

Arábìnrin wa fi oṣù 8 mu àgbo kí ó tó lọ sí ilé ìwòsàn. Kókó inú ọmú rẹ̀ kéré bí ẹ̀pà nígbà tí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ó ti tó ọsàn wẹ́wẹ́ kí dókítà tó rí i. A kò bú ewé. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn kímò, vincristine, láti ara òdòdó kan ni wọ́n ti rí i, òdòdó Madagascar kan náà tí ọ̀pọ̀ wa gbìn sí iwájú ilé fún ẹwà. Ṣùgbọ́n májèlé ni ewé náà fún ẹni tí ó bá sè é mu. Ẹ̀kọ́ púpọ̀ ni wọ́n kọ́ kí wọ́n tó mọ ìwọ̀n tí yóò pa jẹjẹrẹ tí kò ní pa ènìyàn. Ìwọ̀n yẹn ni kò sí nínú ìkòkò àgbo. Ẹ̀dọ̀ kan náà tí yóò gba kímò ni yóò gba àgbo; bí ẹ bá di ẹrù méjì lé e lórí, ẹ̀dọ̀ lè dákú. Bí ẹ bá ti mu nǹkan tẹ́lẹ̀, ẹ má tijú, ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

ILÉ NI TÀBÍ ÌHÍN?

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ó ń da ilé gbogbo àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ rú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí wọ́n máa gbé aya àwọn bọ̀ wá sílé, kí ó má lọ kú sí ẹ̀yìn odi. Ìfẹ́ ni ó fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí a rò ó dáadáa.

Ẹni tí ó ń lọ gba oògùn kò lọ kú. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni yóò lọ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yóò sì ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní Shika nítòsí wa níhìn-ín, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Bí a bá gbé e lọ sí ilé, ta ni yóò ṣọ́ ìsọ̀? Àwọn ọmọ tí ń lọ sí ilé ìwé níhìn-ín ńkọ́? Bí ó bá sì ń lọ, tí ó ń bọ̀, bí ibà bá mú un ní Mọ́kwà tàbí ní Jẹ́bbà, ọ̀dọ̀ ta ni yóò yà sí? Ní tòótọ́, bí ẹni tí yóò tọ́jú aláìsàn kò bá sí níhìn-ín rárá, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì pọ̀ nítòsí ilé ìwòsàn ńlá ní ilé, ó dára kí ó lọ. Ṣùgbọ́n kí ó yan ibì kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá di dandan láti yí padà, kí ó gba lẹ́tà dókítà, kí ó sì mú gbogbo èsì àyẹ̀wò dání, pàápàá èsì ẹran tí wọ́n gé wò, nítorí òun ni ó ń sọ irú jẹjẹrẹ tí ó jẹ́.

Níkẹyìn, àbúrò ìyá rẹ̀ ni ó di ẹrù wá láti ilé, tòun ti gàrí àti èlùbọ́, ó sì ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí di òní. Aláìsàn kò lọ sílé. Ilé ni ó wá bá aláìsàn. A rò pé ìmọ̀ràn rere ni èyí fún àwa tí a jìnnà.

KÍ ỌJỌ́ KÌÍNÍ TÓ PÉ

Wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn yóò yẹ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wò. Wọn a sì máa wò bóyá àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B wà, nítorí kímò lè jí i níbi tí ó sùn sí. Oògùn mìíràn a máa wúwo fún ọkàn, nítorí náà wọn lè ya àwòrán ọkàn. Bí eyín kan bá ti jẹrà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tí ó ṣì fẹ́ bímọ kí ó béèrè ṣáájú, nítorí oògùn náà lè dá nǹkan oṣù dúró, nígbà mìíràn kò ní padà mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lóyún lákòókò náà, kí abiyamọ má sì fún ọmọ lọ́mú.

Ní ti owó, ẹ má ṣe béèrè iye ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ béèrè iye gbogbo rẹ̀ pátá: oògùn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, oògùn èébì, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ ẹni tí yóò tẹ̀ lé yín. Ẹni tí ó bá ní ìwé ìlera ti ìjọba, kí ó béèrè ohun tí ó lè san nínú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ sì dá owó ìrànlọ́wọ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Cancer Health Fund, fún àwọn aláìní tí jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ tàbí ti pròsítéètì bá ń ṣe. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ béèrè. Ẹ má ra kímò lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri.

LỌ́JỌ́ OÒGÙN ÀTI LẸ́YÌN RẸ̀

Arábìnrin wa ní ohun tí òun mọ̀ nísinsìnyí ni pé kí ènìyàn jẹun díẹ̀ kí ó tó lọ, ẹ̀kọ mímu àti mọ́ínmọ́ín kékeré kan. Kí ó wọ aṣọ tí apá rẹ̀ gbòòrò. Kí ó mú ìborùn dání, nítorí wákàtí púpọ̀ ni, òtútù a sì máa mú ni. Kí ó má dá lọ. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá ń ta á tàbí tí ó ń wú, kí ó pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, kí ó má ṣe ojo, nítorí òmíràn nínú oògùn yìí a máa jó ẹran ara bí ó bá jò síta iṣan. Ọ̀kan nínú wọn pupa bíi sobo. Bí ẹ bá gba irú rẹ̀, ìtọ̀ yín yóò pọ́n fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ má ṣe sá.

Oògùn èébì, kí ó tó rìn yín dọ̀ ni ẹ ó ti lò ó, bí wọ́n bá ti júwe rẹ̀. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà púpọ̀ sàn ju àwo kan bàǹbà lọ. Kí aláìsàn jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ epo. Ẹ̀wà tí ó rọ̀, ẹyin tí ó jinná dáadáa, ẹja, ọbẹ̀ gbígbóná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, gbogbo wọn dára. Súyà tí ó ti tutù sínú bébà, àti nọ́nọ̀ tí a kò sè, kí ó fi wọ́n sílẹ̀ fún àsìkò yìí. Omi mímu, kí a sè é.

Fún ẹnu tí ó ń bó, iyọ̀ díẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ó máa fi yọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ. Kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ eyín. Kí ó jẹ́ kí orín sinmi, nítorí a máa fa ẹ̀jẹ̀.

Irun a máa já lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Arábìnrin wa ti ní kí ọmọ rẹ̀ gé e kúrú ṣáájú, kí ó má baà máa rí i lórí ìrọ̀rí. Àwọn aládùúgbò rí orí rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé orí opó ni. Ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó gbé àga síta, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, ó ń kí gbogbo ẹni tí ń kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Ẹ wò mí dáadáa, èmi ọkọ rẹ̀ nìyí.” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Irun a máa hù padà nígbà tí oògùn bá parí.

Ní báyìí, ẹ fetí sí èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Láti nǹkan bí ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 14 lẹ́yìn oògùn, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ a máa dín kù. Àìsàn kékeré lè di ńlá ní òru kan. Ẹ ra tẹmómítà sílé. Bí ó bá ti kà tó 38, ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ òru. Kì í ṣe ibà tí a ń ra oògùn rẹ̀ ní kẹ́místì kí a máa wò ó di ọ̀la. Ẹ má fi parasitámọ̀ bo ara gbígbóná mọ́lẹ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́sọ yín ni, “Kímò ni mo ń gbà.” Kí aláìsàn sì máa sùn lábẹ́ àpò ẹ̀fọn, kí ibà gidi má lọ dà pọ̀ mọ́ ọn.

Ìdí nìyí tí obìnrin yìí kò fi wá sí ìpàdé. Ibi tí èrò pọ̀ sí kò dára fún un. Ó ku ọjọ́ 3 kí ó gba ẹ̀karùn-ún, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gbéra díẹ̀, ni ó tó wá. Àwa sì bu owó ìtanràn fún un.

BÍ ILÉ ṢE LÈ MÁA LỌ

Ọ̀nà tí ó fi pín ọjọ́ 21 rẹ̀ wù wá. Ọ̀sẹ̀ kìíní ni ó pè ní ọ̀sẹ̀ ìdùbúlẹ̀: àbúrò ìyá rẹ̀ ń se oúnjẹ, àwọn ọmọ ń pọn omi. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀sẹ̀ ìṣọ́ra: ó ń rìn káàkiri àgbàlá, kò jáde lọ síbi àpèjẹ, ẹni tí ó bá ń wúkọ́ sì ń kí i láti ẹnu ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀sẹ̀ iṣẹ́: ó ń ṣí ìsọ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó sì ń padà sílé. Àkọ́bí rẹ̀ ni ó ń kọ ìwé gbèsè.

Jẹjẹrẹ kì í ràn. Àwọn ọmọ lè dì mọ́ ọn, kí wọ́n sì bá a jẹun. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ 2 lẹ́yìn oògùn, oògùn ṣì wà nínú ìtọ̀, ìgbẹ́ àti èébì. Kí ẹni tí yóò kó o wọ ìbọ̀wọ́, kí a da omi púpọ̀ sí ṣáláńgá, kí a sì dá fọ aṣọ tí ó bá yí.

Ẹ̀yin àlùfáà àti ẹ̀yin pásítọ̀ wa, ẹ máa gbàdúrà fún wa, a nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún aláìsàn pé kí ó gbààwẹ̀ dípò oúnjẹ tàbí kí ó fi oògùn sílẹ̀. Aláìsàn ní àyè nínú ẹ̀sìn méjèèjì láti jẹun.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA

Alága ti dá owó ìtanràn obìnrin náà padà fún un. Ìyẹn nìkan kò tó. A dá a lábàá pé ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ fi ẹnu kò pé a kì yóò bu ìtanràn fún ẹnikẹ́ni mọ́ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ rán ẹnì kan lọ sí ilé rẹ̀ láti béèrè àlàáfíà. Kí aláìsàn lè sọ fún Ìyálóde ẹgbẹ́ nìkan bí kò bá fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́. Kí àwọn tí ó ní ọkọ̀ nínú wa kọ orúkọ sílẹ̀ láti máa gbé aláìsàn lọ sí Shika. A rìn jìnnà sí ilé baba wa. Bí a kò bá di ẹbí ara wa, kí ni a ń ṣe ìpàdé fún?

Àwọn kan ṣì kù tí wọn kò tíì san owó aṣọ. Orúkọ wọn wà lọ́wọ́ wa. A kì yóò tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí wọ́n mọ ara wọn. Bí a ti ń kọ èyí, arábìnrin wa ti gba ẹ̀karùn-ún, ẹ̀kẹfà ku ọ̀sẹ̀ 2. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ. Kókó náà ti kéré sí i, dókítà kò sì tíì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa náà kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 2 ni ẹ ní.

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ fọwọ́ kan ọmú yín, bí ẹ bá rí kókó, ẹ má fi oṣù 8 pamọ́. Kí Ọlọ́run kí ó wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí ó sì mú gbogbo wa délé láyọ̀. Ó di oṣù tí ń bọ̀.